Epo pupa ni àbí àdín? Ọṣẹ tó ń ta ni lára, tó sì ń rún

Ọlọ́ṣẹ Lágéré (Ilé-Ifẹ̀):

Lítà epo pupa 3 àti lítà àdín èkùrọ́ 1 ni mo fi po ọṣẹ. Mo ti po kọ́sítíìkì sódà mọ́ omi, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú, mo fi háídrómítà, ohun tí wọ́n fi ń mọ bí omi kọ́sítíìkì ṣe le tó, wọ̀n ọ́n, ó ka 1.275. Lítà 2 ni mo dà nínú rẹ̀ sórí epo, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìdajì lítà omi kọ́sítíìkì ni fún lítà epo kan. Ọṣẹ dì lóòótọ́, ó tilẹ̀ le jù, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gé e ló ń rún, nǹkan funfun bí ẹfun bò ó lójú, ó sì ń ta ọwọ́. Ẹni tó ń ta epo fún mi ní Odò-Ògbè ní epo pupa ló bà á jẹ́, pé àdín nìkan ló yẹ ọṣẹ. Ìyá kan ní kí n pa kọ́sítíìkì tì, kí n lọ sun èèpo kòkó. Ta ni kí n gbọ́? Epo wo gan-an ló yẹ ọṣẹ?

*

Aláàdín Ìṣọ̀kun (Iléṣà):

Ẹni tó ń ta epo fún un yín ò parọ́. Àdín ni bàbá ọṣẹ. Ohun tó ń jẹ́ kí ọṣẹ hó, ìyẹn lauric acid, fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì àdín èkùrọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú àdín àgbọn. Epo pupa ò ní in tó nǹkan. Ẹ fi epo pupa nìkan ṣe ọṣẹ, ẹ ó fi kànìnkànìn ha ara títí, ìhó rẹ̀ á rí bí itọ́.

Àdín tó mọ́ nígbà tó bá yọ́, tó sì máa ń dì fúnra rẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ni kí ẹ rà. Àdín dúdú tí wọ́n fi iná yan, tó ń rùn bí èkùrọ́ tó jóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi para ọmọ.

*

Òṣùwọ̀n (Iléṣà):

Kì í ṣe epo ló jẹ̀bi. "Ìdajì lítà fún lítà kan" yẹn ló jẹ̀bi. Èmi ò sọ pé irọ́ ni o. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún àdín nìkan.

Epo kọ̀ọ̀kan ló ní iye kọ́sítíìkì tó lè gbà. Fún kílò epo kan, àdín èkùrọ́ ń gba gíráàmù kọ́sítíìkì 176, àdín àgbọn ń gba bíi 180, epo pupa 141, òróró ẹ̀pà 136. Òrí àti epo lárà ò gbà ju 128 lọ. Ẹ wo bí àlàfo tó wà láàárín àdín àti òrí ṣe fẹ̀ tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Lágéré. Omi kọ́sítíìkì tó ka 1.275 nígbà tó ti tutù, gíráàmù 25 ni kọ́sítíìkì nínú gbogbo gíráàmù 100 rẹ̀. Lítà 2 jẹ́ gíráàmù 2,550, nítorí náà kọ́sítíìkì tó wọ inú ọṣẹ yẹn tó gíráàmù 637. Lítà epo kan ò tó kílò kan, bíi gíráàmù 910 ló jẹ́. Lítà epo pupa 3 á gba 385, lítà àdín 1 á gba 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 545. Kọ́sítíìkì gíráàmù 92 ló jókòó sínú ọṣẹ yẹn tí kò rí epo jẹ. Òun ló ń ta yín lọ́wọ́. Òun náà ló jẹ́ kó le tó ń rún, nítorí ọṣẹ tí kọ́sítíìkì rẹ̀ bá pọ̀ jù kì í rọ̀, ńṣe ló máa ń fọ́ bí ṣọ́ọ̀kì.

Ká ní lítà àdín 4 lẹ fi ṣe é, ìdajì lítà fún lítà kan yẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu géé, kò sì ní sí ẹni tó máa pariwo. Ìdí nìyẹn tí aláàdín fi rò pé àdín ló dára, tí epo pupa sì burú. Wọ́n kàn wọn aṣọ fún ẹnì kan, wọ́n wá fi wọ ẹlòmíràn.

*

Aláàdín Ìṣọ̀kun:

Ó dáa, mo gbà ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tan àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa fi epo pupa nìkan ṣe é. Ìhó ńkọ́?

*

Òṣùwọ̀n:

Ta ló ní nìkan? Àdín nìkan náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Ọṣẹ àdín gidi máa ń ṣí èérí dànù, á sì ṣí epo ara tẹ̀lé e, awọ ara á wá fún bí ẹni tó wẹ̀ lọ́yẹ́ tí kò para. Ó dára fún àwo àti aṣọ. Bí ẹnì kan bá tìràn mọ́ ọn pé àdín nìkan lòun fẹ́ wẹ̀, kó dín kọ́sítíìkì rẹ̀ kù títí epo tó máa ṣẹ́kù láìjẹ á fi tó ìdá 15 sí 20 nínú 100.

Epo pupa ló ń fún ọṣẹ ní egungun, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè yọ́ tán sínú ike ìwẹ̀. Àdín ló ń mú ìhó wá. Òrí ló ń tu ara. Fún kílò epo kan, ẹ wọn epo pupa 500, àdín 350, òrí 150. Tí ẹ bá ṣírò kọ́sítíìkì tó máa gbà, 70.5 àti 61.6 àti 19.2, ó jẹ́ 151. Ẹ má lo 151 yẹn o. Ẹ yọ ìdá 5 nínú 100 kúrò, kó ku 144, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù sínú ọṣẹ. Epo àjẹkù lèmi ń pè é. Omi gíráàmù 290 ló tó o.

Inú omi ni kí ẹ máa bu kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, á bú jáde sí yín lójú. Ike tó nípọn tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ ìkòkò àlùmíníọ̀mù, á hó ṣùù, á tú gáàsì tó lè gbiná, ìkòkò á sì jò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí epo àti omi kọ́sítíìkì tutù dé bíi 40 sí 45°C kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀. Ẹ rò ó títí á fi dà bí ògì tó fẹ́ di ẹ̀kọ, tí èyí tó bá kán láti ojú ọmọrogùn á dúró lókè díẹ̀ kó tó rì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dà á sínú mọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì ẹ gé e, kí ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lásìkò òjò ní Ifẹ̀ àti Iléṣà níbí, ọ̀sẹ̀ 4 kì í tó.

*

Ọmọ Ẹnuwá (Ilé-Ifẹ̀):

Ìgò là ń lò níbí, kì í ṣe síkéèlì. Ìgò epo kan jẹ́ 75cl, mo sì ń kà á sí gíráàmù 750. Kí ló burú nínú ìyẹn?

*

Òṣùwọ̀n:

Ohun tó burú ni pé epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ìgò 75cl kan, gíráàmù 680 ló gbé. Bí àdín bá ni, 120 ló lè gbà kó tán pátápátá. Ẹ̀yin ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé 750 ni, ẹ tilẹ̀ yọ ìdá 5 yẹn kúrò, ó wá jẹ́ 125. Ẹ rí i pé ó ti kọjá. Epo àjẹkù yín ti di kọ́sítíìkì àjẹkù. Nínú ìgò kan, kò ju gíráàmù 5 lọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó gbúròó rẹ̀.

Ti ṣíbí tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́sítíìkì kan rí wẹ́wẹ́ bí iyọ̀, òmíràn rí pẹlẹbẹ bí èèpá, ṣíbí ò lè wọ̀n wọ́n bákan náà. Síkéèlì tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rà. Kì í ṣe ti ẹlẹ́ran, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti háídrómítà kún un. Omi kọ́sítíìkì tó ṣì gbóná máa ń kà kéré, ẹ ó rò pé kò tíì le tó, ẹ ó tún bu òmíràn sí i. Bákan náà, kọ́sítíìkì tí wọ́n ṣí ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà ti fa omi, ó ti fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, apá kan rẹ̀ ti di sódà áàṣì. Háídrómítà ò mọ̀yàtọ̀. Á ka 1.275 fún yín, kọ́sítíìkì inú rẹ̀ ò sì ní pé. Èyí tó ti dì mọ́ra bí òkúta, tàbí tó ti ṣomi, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

*

Ìyá Eérú (Mọ́dákẹ́kẹ́):

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, nọ́ńbà yín ti pọ̀ jù. Nígbà tí kò sí síkéèlì, ṣé a kì í wẹ̀ ni? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ti eérú rèé, kí ẹ má máa pè é ní iṣẹ́ aláìmọ̀kan.

Èèpo kòkó tí wọ́n ti kó ọmọ inú rẹ̀ ni kí ẹ sá títí á fi máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti jẹrà, tó ti dúdú lórí igi, kò dára. Orí páànù ni kí ẹ ti sun ún, kì í ṣe orí ilẹ̀, iyanrìn á bá a wọlé. Ẹ sun ún títí á fi funfun. Bí dúdú bá kù nínú rẹ̀, èédú nìyẹn, kò tíì di eérú. Òjò ò sì gbọdọ̀ kàn án rárá. Bí òjò bá ti pa eérú, agbára rẹ̀ ti bá àgbàrá lọ, iyẹ̀pẹ̀ lẹ kó sílé. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà dára, ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọ́n ọmọ rẹ̀ kúrò náà dára.

Ẹ da eérú sínú àjẹrẹ, kí ẹ ti tẹ́ àpò tó mọ́ sídìí rẹ̀. Ẹ máa bu omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kán á pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, òun ló le jù, ẹ má da èyí tó kán gbẹ̀yìn mọ́ ọn. Ẹ fi ẹyin adìyẹ tútù sínú rẹ̀. Bí ẹyin bá rì, ẹ tún gbé omi náà kaná kó gbẹ sí i. Bí ẹyin bá léfòó, tí ojú rẹ̀ tó hàn lókè tó kọ́bọ̀, ó ti tó. Epo á ti gbóná lórí iná, ẹ ó máa bu omi eérú sí i ní ṣíbí ìrokà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa rò ó. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà á rí epo lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀.

*

Ọlọ́ṣẹ Lágéré:

Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ti eérú tí mo gbìyànjú rí, kò le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀, ó ṣì ń rọ̀ bí ẹ̀bà.

*

Òṣùwọ̀n:

Kò ní le. Kì í ṣe àṣìṣe yín. Potassium ni ohun tó wà nínú eérú, sodium ni ohun tó wà nínú kọ́sítíìkì sódà. Ọṣẹ potassium máa ń rọ̀, ọṣẹ sodium ló ń le. Ẹ sá a títí ọdún yóò fi yípo, bí òjò bá ti ṣú, á tún fa omi mọ́ra. Ọṣẹ dúdú tó le gbagidi tí ẹ ń rí lọ́jà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó fi kún un.

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ nípa eérú, àfi ibì kan. Ẹyin adìyẹ yẹn ò sọ gbogbo òótọ́. Ohun tó pọ̀ jù nínú omi eérú ni potassium carbonate, kò sì le tó kọ́sítíìkì. Kì í tètè jẹ epo tuntun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń se é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyẹn náà tí epo pupa tó ti kan, tí a ò lè fi se ọbẹ̀ mọ́, fi máa ń di ọṣẹ eérú wéré ju epo tuntun lọ. Kíkan epo yẹn gan-an ni omi eérú ń wá.

Kán-ún kì í ṣe kọ́sítíìkì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí i tí wọ́n ń ní kí wọ́n fi dípò rẹ̀. Ọbẹ̀ ewédú ló mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọṣẹ eérú le, iyọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ọṣẹ bá ti jinná nínú ìkòkò, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó, títí ọṣẹ á fi ya kúrò lára omi, tí á ṣùpọ̀ sókè bí wàràkàṣì. Ẹ kó o kúrò, ẹ da omi ìsàlẹ̀ nù. Sodium inú iyọ̀ ti gba ipò potassium. Ṣùgbọ́n gílísárínì inú ọṣẹ, èyí tó ń mú ara dẹ̀, á bá omi yẹn lọ, nítorí náà bó bá jẹ́ torí ara rírọ̀ lẹ ṣe fẹ́ ọṣẹ dúdú, ẹ jẹ́ kó rọ̀.

*

Aláàdín Ìṣọ̀kun:

Iyọ̀ ò ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà mi kan. Wọ́n da iyọ̀ títí, ọṣẹ ò yà.

*

Òṣùwọ̀n:

Àdín yín ni wọ́n fi ṣe é ni! Ọṣẹ àdín máa ń yọ́ sínú omi iyọ̀, á tilẹ̀ hó nínú rẹ̀, èyí ló jẹ́ kí wọ́n máa fi àdín àgbọn ṣe ọṣẹ tí àwọn atukọ̀ ń lò lójú òkun. Ó ń gba iyọ̀ púpọ̀ púpọ̀ kó tó yà. Epo pupa ni iyọ̀ mọ̀ ọ́n yà.

*

Ọmọ Ẹnuwá:

Àwọ̀ ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi fẹ́ ọṣẹ funfun, epo pupa sì ń pọ́n lójú.

*

Aláàdín Ìṣọ̀kun:

Ẹ yan epo náà lórí iná títí pípọ́n rẹ̀ á fi lọ.

*

Òṣùwọ̀n:

Ẹ rọra o. Kí epo pupa tó funfun, ooru rẹ̀ á ti kọjá 200°C, èéfín rẹ̀ á sì máa ta ojú. Ìgbà yẹn ló ń gbiná. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé la ti í múná roko, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná orí epo la ń sọ. Bó bá gbiná, ìdérí ìkòkò ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀. Ẹ má da omi sí i, iná á fò kan òrùlé. Ìdajì ìkòkò ni kí epo wọ̀, kó má kún.

Bí ẹ bá bi mí, mi ò ní yan án. Ọṣẹ epo pupa máa ń pọ́n bí ọsàn, pípọ́n yẹn á sì máa ṣá fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án. Ẹ fi ìyẹn ta ọjà.

Ti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi kún ọṣẹ, kọ́sítíìkì máa ń yí àwọ̀ wọn. Osùn á ṣú sí àwọ̀ àlùkò. Àtalẹ̀ pupa á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kó tó padà. Ewé tútù tí ẹ gún, efinrin ni o, dóńgóyárò ni o, á di àwọ̀ ilẹ̀ láìpẹ́, bó ti wù kó tutù tó lónìí. Oyin máa ń mú ọṣẹ gbóná, ṣíbí ìjẹun kan fún kílò epo kan ti tó. Ẹ má bo mọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín rẹ̀ á là. Epo lárà máa ń jẹ́ kí ìhó pẹ́ lára, ìdá 5 sí 10 nínú 100 ni, bó bá ju ìyẹn lọ ọṣẹ á máa lẹ̀. Epo dóńgóyárò ń rùn, ìdá 3 sí 5 ni kí ẹ mọ, kí ẹ má sì kọ ọ́ sára páálí pé ó ń wo ààrùn.

Òrí kì í hù nínú igbó wa níbí, láti apá Òkè-Ògùn àti Kúwárà ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló sì ti kàn án kó tó dé Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ fi aṣọ funfun nù ún wò, bóyá wọ́n ti pa á láró.

*

Ọlọ́ṣẹ Lágéré:

Wọ́n tún ní kí n fi ìpara tó ń mú ara funfun sínú rẹ̀, pé ìyẹn ló ń tà jù.

*

Ìyá Eérú:

Ṣé ara tìrẹ lo fẹ́ kọ́kọ́ fi dán an wò ni, àbí ti ọmọ ọlọ́mọ?

*

Òṣùwọ̀n:

Ìyá ti dáhùn. Èmi á kàn sọ pé ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìpara yẹn, mákúrì sì wà nínú òmíràn, NAFDAC ò sì gbà á láyè. Ọṣẹ ìwẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ máa tà fún ará ìta gbọdọ̀ ní nọ́ńbà wọn.

*

Ọlọ́ṣẹ Lágéré:

Ó dáa. Èyí tí mo ti ṣe yìí ńkọ́? Ṣé kí n da á nù ni?

*

Òṣùwọ̀n:

Ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi gírétà rin ọṣẹ náà, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pátá pẹ̀lú èyí tó ti rún àti ẹfun ojú rẹ̀, nítorí inú wọn ni kọ́sítíìkì wà. Ẹ kó o sínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, ẹ bu omi bíi ife kan sí kílò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iná tí kò le se é títí á fi yọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Iye epo tó kù díẹ̀ káàtó rèé. Kọ́sítíìkì 637 wà nínú rẹ̀. Kí ìdá 5 nínú 100 epo tó lè ṣẹ́kù láìjẹ, epo tó lè gba 671 la nílò, èyí tó wà níbẹ̀ ń gba 545. Ó ku 126. Bí ẹ bá fi 0.141 pín 126, gíráàmù 894 epo pupa ni, lítà kan géé bí ẹ bá fojú wò ó. Ẹ yọ́ lítà epo pupa kan, kí ẹ dà á sí i ní ìdá mẹ́ta, kí ẹ máa rò ó láàárín. Ẹ se é bíi wákàtí kan sí méjì. Nígbà tó bá ń dán bí fasilíìnì, ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án. Bó bá ta ahọ́n pìn bí ojú bátìrì, ẹ tún se é fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tún fi ahọ́n kàn án.

*

Aláàdín Ìṣọ̀kun:

Lítà àdín kan ńkọ́, dípò epo pupa?

*

Òṣùwọ̀n:

Òṣómàáló, ẹ ò ní jẹ́ kí ọjà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́! Àdín náà á ṣe é, ṣùgbọ́n òun ò ní tó lítà kan. 126 yẹn, ẹ fi 0.176 pín in: gíráàmù 716, ìyẹn ìgò 75cl kan àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Kí Lágéré fi síkéèlì wọ̀n ọ́n.